Òrí Tèmi, Orúkọ Ìyálé Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìtàn mi yìí, ẹ má retí kí n sunkún fún yín. Mo ti sunkún tán. Ohun tí mo ṣe, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kò sí èṣù kankan tó tì mí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ná.

Jàrátù lorúkọ mi. Òkè-Ọdẹ ni mò ń gbé, nílé ọkọ. Ọkọ àárọ̀ mi ti kú, àwọn ọmọ mi sì ti dàgbà, kí Adéoyè tó ní kí n wá di ìyàwó òun. Àgbẹ̀ ni, ìyàwó tirẹ̀ náà ti ṣaláìsí. Ó mọ èèyàn tọ́jú. Mo bá a lọ tayọ̀tayọ̀, mi ò tiẹ̀ ro ti agbo-ilé tí mò ń wọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí nílẹ̀ wa. Ọjọ́ tí obìnrin wọlé ọkọ ni wọ́n fi ń mọ ipò rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹni tó bá ti wọ agbo-ilé ṣáájú rẹ, ìyálé rẹ ni, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ rẹ.

Suliat ni ìyálé tèmi. Ìyàwó Abdulkadir ni, Abdulkadir sì ni àbúrò ọkọ mi. Ká ní mo tètè bímọ láyé, ǹ bá ti bí Suliat. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, ó sì ti bí Àhmádù. Àwọn ìyàwó tó ṣáájú rẹ̀ wọlé ti tẹ̀ lé ọkọ wọn lọ sí Èkó, ó di ìgbà tí wọ́n bá wálé wá ṣe ìnáwó ká tó fojú kàn wọ́n. Bí ọmọdébìnrin yẹn ṣe di àgbà lórí gbogbo àwa obìnrin ilé nìyẹn. Èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Èmi ń pè é ní Ìyá Àhmádù, òun ń pè mí ní ìyàwó.

Mi ò bínú sí ìyẹn, kí n má purọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìyá mi náà nìyẹn. Suliat fúnra rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú nígbà tí mo dé. Bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, á bẹ̀ mí, á sì fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ọjọ́ orí mi. A jọ ń ṣeré, a jọ ń jẹun.

Òrí ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ẹ̀tọ́ mi ni. Kò sí obìnrin tó mọ òrí ṣe tó mi ní gbogbo Òkè-Ọdẹ. Ẹ̀yìn Ṣàárẹ ni wọ́n ti bí ìyá mi, àárín àwọn obìnrin Tápà ló ti kọ́ ọ, òun ló sì kọ́ mi. Láti ìgbà tí èso èmí bá ti já bọ́ nínú oko títí òrí fi máa dì nínú igbá, mo mọ gbogbo ohun tó lè bà á jẹ́. Bí mo bá ń po èmí lílọ̀ nínú omi, ọwọ́ mi ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí n da omi tútù lé e fún mi. Òrí mi funfun, kì í rùn, ara ọmọ tuntun gan-an gbà á.

Àwọn obìnrin ilé wa ti ń ṣe òrí kí n tó dé, èyí tó máa ń ní òórùn iná, tí wọ́n ń tà lọ́jà Òkè-Ọdẹ. Nígbà tí wọ́n rí tèmi, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn. Mo kọ́ wọn. A wá ń ṣe é ní àáró: lónìí, gbogbo wa á bá lágbájá ṣe tirẹ̀, lọ́la á di ti ẹlòmíràn. Suliat nìkan ni kì í fẹ́ fọwọ́ kan èmí. Ó ní ó ń ba èékánná òun jẹ́. Ìyálé ni, ta ló máa bá a wí?

Ibẹ̀ la wà tí àjọ kan fi dé láti òkè òkun. Caroline ni wọ́n rán sí wa, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ọmọbìnrin tó níwà, tó máa ń gun ọ̀kadà wá bí òjò bá ti ba ojú ọ̀nà jẹ́. Ó ṣàlàyé fún wa pé igi èmí pọ̀ nílẹ̀ wa bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n bí òrí bá dé ọjà àgbáyé, ti Ghana àti ti Burkina Faso ni wọ́n máa ń rà, wọ́n á fi tiwa sílẹ̀. Ó ní kò sí àléébù lára èmí wa, ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ni kò bá wọn lára mu. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti kọ́ wa títí tí òrí wa yóò fi lè bá tiwọn figagbága.

Òfin tó tẹnu mọ́ jù ni ti èéfín. Nílé wa níbí, àsìkò òjò ni èmí ń já. Bí oòrùn kò bá ràn, orí àjà lókè ààrò ni àwọn ìyá wa máa ń kó kóró rẹ̀ sí, kí ooru iná gbẹ ẹ́. Caroline ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ó ní èéfín yẹn ń wọnú òrí, pé àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ tó ń rí i, bí wọ́n bá sì ti rí i wọn ò ní gbà á. Wọ́n kan pẹpẹ tí a ó máa sá kóró sí fún wa, wọ́n fi ọ̀rá tí oòrùn ń là kọjá bò ó lórí. Inú mi dùn, nítorí pé ìyá mi náà kórìíra èéfín lára èmí.

Caroline gba òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìlú kọ̀ọ̀kan lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tó pa dà dé, ẹ̀rín ló ń rín bọ̀ láti orí ọ̀kadà. Ó ní òrí agbo-ilé wa ló gbégbá orókè nínú gbogbo ìlú tí àwọn dé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìpara lókè òkun ti fẹ́ máa rà á. Bí òrí bá sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn déédéé láìlábàwọ́n, àjọ máa kọ́lé tí a ó ti máa ṣe é fún wa, wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìlọta sí i, a ò sì ní fi odó gún kóró mọ́.

"Òrí yẹn, ta ló ṣe é?" ni Caroline bi wá.

Èmi ni mo ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú àlejò la wà, ìyálé mi sì wà ní ìjókòó. Mo tẹrí ba, mo ń retí kí ẹnì kan dárúkọ mi. Mo wo Àyìsátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ti filé ọkọ sílẹ̀ pa dà wá jókòó sílé bàbá rẹ̀. Ọmọ-osú ni, ọkọ ló jẹ́ fún gbogbo àwa ìyàwó, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Òun ló yẹ kó sọ ọ́. Ó ń wolẹ̀.

Suliat bá gbẹ́nu lé e. "Èmi ni," ló wí. "Èmi àti àwọn ìyàwó mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ? Mo pàtẹ́wọ́ fún un lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo kúnlẹ̀ níwájú Suliat, mo bi í léèrè ohun tó dé. Kò bínú rárá. Ó ní ṣebí ilé kan náà ni wá, pé èyí tí ìyàwó bá ṣe, ìyálé ló ni ín, àti pé òyìnbó kò lè máa bá gbogbo èrò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, bí ilé bá jẹ, màá jẹ níbẹ̀.

Mo gbé e lọ bá ọkọ mi. Adéoyè ń pọ́n ọkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ṣé nítorí òrí ni mo fẹ́ fi dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àbúrò òun. Ó ní kí n mú un mọ́ra.

Mo mú un mọ́ra. Ẹ ò rí i pé mo gbìyànjú.

Wọ́n mú Suliat lọ sí Abuja, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ọjà fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè. Ó gbé òrí mi dání lọ. Ó pa dà dé pẹ̀lú báàgì tuntun àti páálí kan tó kún fún ike kéékèèké. Nígbà tó ṣí i, gbogbo ilé pariwo ayọ̀. Fọ́tò rẹ̀ ló wà lára ìdérí ike kọ̀ọ̀kan, ó wé gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: Òrí Ìyá Àhmádù.

Mo mú ọ̀kan, mo wò ó, mo tún un wò.  Èmi ni mo máa bu òrí sínú ike yẹn, ojú rẹ̀ ni mo sì máa fi dé e.

Láti ọjọ́ yẹn ni "ẹ" ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó di "Ìyàwó, o ò tíì fọ àwọn bàsíà yẹn." Ó di "Ìyàwó, kóró yẹn ti pẹ́ lórí iná, ṣé o ò rí i ni?" Ẹni tí kò mọ èyí tó jinná yàtọ̀ sí èyí tí kò jinná! Níṣojú àwọn ọmọdébìnrin tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ló ti ń sọ ọ́.

Èyí tó wá dáná sí mi lára ni ti ọjọ́ tí àwọn òyìnbó wá ya fídíò. Mo ti jí po òrí láti òwúrọ̀, ó ti funfun, ó ti léfòó sójú omi, ó ku kí n kó o. Suliat jáde nínú aṣọ àǹkárá tuntun. Ó ní kí n dìde lórí àpótí. Ó jókòó síbẹ̀, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ inú òrí mi, ó sì gbé e sókè sí òyìnbó, ó ń rẹ́rìn-ín bíi ti ara ìdérí ike. Òyìnbó ń yà á. Ọ̀kan nínú wọn wá fọwọ́ sọ fún mi pé kí n sún sẹ́yìn, pé òjìji mi ń dà sórí rẹ̀.

Mo sún sẹ́yìn. Mo wọlé lọ jókòó lórí ẹní. Mo ní, Suliat, o ti gbé iṣẹ́ mi, o ti gbé orúkọ mi, ó ku ohun tí èmi náà máa gbé lọ́wọ́ rẹ. Mi ò tíì mọ ohun tó jẹ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá a.

Òjò ló bá mi wá a.

Ilé-iṣẹ́ òkè òkun yẹn ní kí a kó òrí ránṣẹ́, èyí tó pọ̀ ju gbogbo èyí tí a ti ń ṣe lọ. Caroline ṣàlàyé fún wa pé èyí ni wọ́n máa fi dán wa wò. Bó bá yege, ilé àti ẹ̀rọ dé nìyẹn. Ó ní kí Suliat, olórí wa, mójú tó gbogbo ẹ̀ fúnra rẹ̀. Suliat ní kò séwu. Kò pẹ́ tó fi gba Ìlọrin lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwọn olórí ẹgbẹ́ obìnrin. Kó tó gun ọkọ̀, ó nawọ́ sí òkìtì kóró èmí, ó ní kí n rí i pé ó gbẹ kí òun tó dé.

Òjò kò dá. Oòrùn yọjú díẹ̀, ó tún sá. Kóró tó wà lórí pẹpẹ ń gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀, ó gba pé kí èèyàn máa yí i, kó máa nu omi ara ọ̀rá, kó máa kó o sínú ilé bí atẹ́gùn bá dé. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Bí mo bá dúró tì í, ì bá gbẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo àwọn obìnrin ilé ti lọ ṣa èmí nínú oko, tí ilé dákẹ́, mo dúró nínú ilé ìdáná, mo gbójú sókè wo àjà. Ó ti dúdú láti ayé àwọn ìyá ìyá wọn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní ṣe é. Mo tún rántí ọwọ́ rẹ̀ nínú òrí mi.

Mo kó kóró náà gun orí àjà. Mo kó igi tútù sí ààrò kí èéfín lè pọ̀ dáadáa. Mo jókòó síwájú ilé ìdáná, mò ń gé ilá, ojú ń ta mí, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló jẹ́rìí mi, ẹ̀rín ni mò ń rín.

Ẹ lè bi mí pé àwọn obìnrin yòókù ńkọ́, ṣé mi ò ro tiwọn? Mo rò ó. Mo ní kí àwọn náà fara gbá nínú ẹ̀. Ṣebí gbogbo wọn ló dákẹ́ lọ́jọ́ tí Caroline béèrè.

Kí wọ́n tó ti oko dé, mo ti pa iná, mo ti kó kóró pa dà sórí pẹpẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe é ní gbogbo ìgbà tí ilé bá ti dá, títí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ.

Suliat dé láti Ìlọrin. Mo bu kóró sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo kúnlẹ̀, mo gbé e sún mọ́ imú rẹ̀. Mo fún un ní àǹfààní yẹn, ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà yé yín. Ẹni tó bá ti ṣe òrí rí láyé rẹ̀, tó fi ọkàn sí i, á gbóòórùn èéfín yẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó fi eyín gé e.

Ó ní ó ti gbẹ dáadáa, pé mo ṣeun.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

A yan kóró náà, a gún un, a lọ̀ ọ́, a pò ó. Àwọn obìnrin tó bá mi ṣe é kò fura, nítorí inú òórùn iná yẹn ni wọ́n dàgbà sí. Àyìsátù nìkan ló bu díẹ̀ sí ọwọ́, tó gbóòórùn rẹ̀, tó wá wo ojú mi. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òrí náà funfun lójú, ó dùn ún wò. A bù ú sínú ike, mo sì fi ojú Suliat dé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ọjọ́ tí Caroline wá, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó bọ́ọ́lẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹrẹ̀ ti bo bàtà rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bá òun pe baálé. Gbogbo wa kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Awóyẹmí, baálé ilé wa, tọkùnrin tobìnrin. Adéoyè àti Abdulkadir jókòó sórí àga kan náà.

Caroline sọ fún wa pé wọ́n yẹ òrí náà wò lókè òkun, èéfín ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti kọjú sí Ghana. Àjọ náà sì ti dá ọ̀rọ̀ ilé àti ẹ̀rọ dúró. Ó ní àwọn ọ̀gá òun bu ẹnu àtẹ́ lu òun náà, nítorí òun lòun fọwọ́ sọ̀yà fún wa.

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin ké mọ́ Suliat. Àwọn kan sọ pé Abuja ló ti gùn ún lórí. Abdulkadir bi ìyàwó rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn bóyá ó fẹ́ dójú ti òun ni. Suliat ń sunkún, ó ń bẹ wọ́n pé kí wọ́n gbé Kùránì wá kí òun fi búra pé òun kò kó kóró sórí àjà kankan.

Èmi jókòó sí kọ̀rọ̀, mo ká apá mi mọ́ àyà. Mi ò gbádùn ọ̀sán kankan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Caroline ní kí wọ́n dákẹ́. Ó yíjú sí Suliat, ó sì fi pẹ̀lẹ́ bi í pé ọ̀nà wo ló gbà sá kóró nígbà tí òjò kò dá.  Caroline tún bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀ bí kóró bá ti gbẹ dénú. Suliat ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣubú lulẹ̀ síwájú baálé.

"Èmi ò mọ òrí ṣe," ló wí. "Jàrátù ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Òun ló ṣe èyí tí ẹ yìn mí fún, láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

 Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè látọjọ́ yìí nìyẹn. Ara mi yá gágá, orí mi wú. Mi ò rántí ike, mi ò rántí Ghana. Caroline bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo dìde dúró, mo tún ìró mi ró.

Mo ní òótọ́ ni. Mo ní èmi ni mo ṣe é, látorí ṣíṣa dórí bíbù. Mo ní èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn, Suliat kò po òrí rí nínú ilé yìí. Mo dárúkọ ìyá mi. Mo ní kò sí ohun tó lè ba òrí jẹ́ tí mi ò mọ̀, ì báà ṣe omi, ì báà ṣe oòrùn, ì báà ṣe iná. Ẹnu mi kò dúró. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi.

Caroline jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Màmá," ló wí, "èyí tó gbé èéfín yìí ńkọ́? Ta ló ṣe é?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ibi tí mo fẹsẹ̀ sí.

Mo lè sọ pé òjò ni. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ ni mo ṣe é. Wọ́n á dárí jì mí, wọ́n á ní obìnrin oko ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di irọ́ nìyẹn. Màá tún pa dà di ìyàwó tó ń fọ bàsíà.

Àyìsátù ló bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Ìyàwó mi, wò mí lójú. Ṣé o ò mọ̀ pé èéfín máa bà á jẹ́ ni, àbí o mọ̀?"

"Mo mọ̀," mo wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ kó o síbẹ̀ ni."

Mi ò lè ṣàlàyé ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn. Abdulkadir fò dìde, wọ́n dì í mú. Adéoyè fi fìlà rẹ̀ bojú. Suliat nìkan ni kò pariwo. Ó jókòó nílẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

Caroline bá mi dé ẹnu ọ̀nà kó tó lọ. Ó ní òun ti fura láti ọjọ́ tí òun ti rí ọwọ́ mi nínú èmí. Ó ní ọjọ́ yẹn, ojú mi lòun ń wò nígbà tí òun béèrè ẹni tó ṣe é, orúkọ mi lòun fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n mo tẹrí ba, mo sì pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò sọ̀rọ̀, Màmá," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ." Ọ̀wu-Ìsin ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ. A ò tún rí Caroline mọ́.

Bàbá Awóyẹmí ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ìyálé mi. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi ló bẹ̀ ẹ́. Títí di òní olónìí, bí mo bá rántí pé wọ́n ti ń fi àwọn ike tó ṣẹ́kù bu iyọ̀ nínú ilé, tí wọ́n ti fi omi gbígbóná ṣí ojú Suliat kúrò lára wọn, inú mi máa ń dùn. Màmá yín ò lè purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí inú mi kì í dùn sí. Ọwọ́ Àyìsátù máa ń ro ó, iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti le. Òun ló fẹ́ ẹ̀rọ ìlọta yẹn jù nínú gbogbo wa. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń gún kóró, tó ń sinmi, tó tún ń gún un. Kò bá mi jà rí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n ń gba iṣẹ́ ọwọ́ yín fún ẹlòmíràn, ẹ má dákẹ́ bíi tèmi. Ẹ má dúró de ẹni tó máa bá yín sọ ọ́. Ẹ la ẹnu yín níjọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n pè yín ní aláìlójútì. Ó sàn ju kí ẹ dákẹ́ kí ẹ wá dáná sun iṣẹ́ ara yín. Ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oníṣòwò kan láti Ìlọrin ní òun fẹ́ òrí. Kì í ṣe ti òkè òkun, ṣùgbọ́n inú àwọn obìnrin ilé dùn. Wọ́n kóra jọ sí àgbàlá. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kódà mi ò gbọdọ̀ gbé omi. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń wò wọ́n.

Suliat ló ń pò ó. Ó ti gé èékánná rẹ̀, ó káwọ́ aṣọ sókè, òógùn bò ó. Ó ń gbìyànjú, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n dà sí i ti gbóná jù, ìró ọwọ́ rẹ̀ nínú bàsíà ti yí pa dà, òrí náà fẹ́ yọ́ dànù sínú omi. Bí wọ́n bá da omi tútù lé e nísinsìnyí, ó ṣì máa dì.

Ẹ̀mí kan ní kí n dákẹ́, kí n máa wò ó kó bàjẹ́. Ọwọ́ mi ni kò jẹ́. Ó ń jó mi bí ẹni pé inú bàsíà ló wà.

"Ẹ da omi tútù sí i," mo wí. "Ẹ dà á báyìí."

Gbogbo wọn gbọ́. Omi tútù wà nínú korobá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àyìsátù. Suliat dá ọwọ́ dúró, ó wo Àyìsátù, Àyìsátù sì wo inú bàsíà. Kò sí ẹni tó gbé korobá náà. Suliat ki ọwọ́ bọ inú bàsíà pa dà, ó ń pò ó lọ.

Ó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé bàsíà náà kọjá níwájú mi lọ dà á nù sẹ́yìn ilé, wọ́n sì lọ kó kóró mìíràn wá.